Dífẹ́ǹsì wo ló yẹ nínú BuzzerBeater bí abẹ́ ríìmù bá le, tí ìta sì rọ̀?

KabbaOwe

Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ dífẹ́ǹsì nínú BuzzerBeater, eré bọ́ọ̀lù agbọ̀n orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń darí ẹgbẹ́, ni mo gbé wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó wà lábẹ́ ríìmù lọ́dọ̀ mi le. Inside Defense (dídí abẹ́ ríìmù) C mi, ìyẹn center, jẹ́ prolific, ìyẹn 11. Ti PF (power forward) mi jẹ́ proficient, 9. Ìta ló rọ̀: Outside Defense (dídí ìta) PG (point guard) mi jẹ́ 7, ti SG (shooting guard) 6, ti SF (small forward) 5. Ẹgbẹ́ tí a pàdé nínú líìgì ní C gíga kan tí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ga ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, torí náà mo yan 2-3 Zone (àyè ni wọ́n ń ṣọ́: èèyàn méjì lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀) kí n lè dí abẹ́ ríìmù pa.

Ohun tí box score (àkọsílẹ̀ eré) sọ nìyí. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta 27, 13 wọlé. C tí mo torí rẹ̀ yan zone, ìgbà 9 péré ló jù. Eré parí sí 96 sí 84, àwọn ló borí. Inside Defense ẹgbẹ́ mi lápapọ̀ jẹ́ prominent (10), Outside Defense jẹ́ inept (4).

A máa tún pàdé wọn. Ìgbà wo gan-an ni 2-3 yẹ ní lílò? Ṣé kí n kàn bọ́ sí 3-2? SG wọn ló ń jù jù lọ, ìgbà 22 nínú eré yẹn. Ṣé Outside Box and One ló máa mú un? Ẹnì kan sì tún ní kí n lo Full Court Press (fífún mọ́ wọn ní gbogbo pápá). Normal effort (ìwọ̀n ìsapá àárín) ni mo máa ń lò.

IsanluPivot

Okun, àbúrò. O ṣeun tó o kọ nọ́ńbà sílẹ̀, bí kò bá sí nọ́ńbà, àfọwọ́tá lásán ni gbogbo ìdáhùn ìbá jẹ́.

Zone kankan ò ní agbára tirẹ̀ tó máa bù fún ẹ. Èyí tó o ní náà ló ń kó láti ibì kan lọ síbòmíràn. Iye òwú tí ahunṣọ Bùnú bá ta sórí òfì, iye yẹn náà ló ní. Bó bá fẹ́ kí aṣọ fẹ̀ sí i, yóò kúrú. 2-3 ń bù lára Outside Defense, ó ń fi kún Inside Defense àti Rebounding (gbígba bọ́ọ̀lù tí kò wọlé). 3-2 ń bù lára Inside Defense àti Rebounding, ó ń fi kún Outside Defense. Wá wo tìrẹ. Ìta rẹ ní 7, 6, 5. Inú ní 9 àti 11. O bù lára èyí tó kéré lọ fi kún èyí tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Omi lo pọn lọ dà sódò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹ dénú, ronú nípa pápá gidi. Mítà 28 ni gígùn rẹ̀, mítà 15 ni fífẹ̀. Nínú 2-3, àwọn mẹ́ta ló pín mítà 15 yẹn láàárín ara wọn nísàlẹ̀, mítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lókè, àwọn méjì péré ló pín in, mítà méje àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìlà àmì mẹ́ta nínú òfin FIBA jìn tó mítà 6.75 sí ríìmù. PG wọn á fi páàsì kan ránṣẹ́ sí apá ọ̀tún. Ẹni tó wà lókè lápá yẹn á sáré lọ bá a. Páàsì kejì á lọ sí kọ́nà. Ta ló kù tó máa jáde lọ bá ẹni tó wà ní kọ́nà? Ẹni tó wà lábẹ́ ríìmù ni, kó tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ibòmíràn tó máa ń là ni àárín, nítòsí ìlà free throw. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ ẹnì kan níbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn méjì tó wà lókè ló wà, àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀ ò sì mọ̀ bóyá kí àwọn jáde tàbí kí àwọn dúró. Kọ̀ǹpútà ò ya àwòrán gbogbo èyí fún ẹ, àmọ́ òun ló wà nídìí inept tó o rí yẹn.

Nígbà mìíràn, kó o tó yan ohunkóhun, ṣí eré márùn-ún tí wọ́n gbá kẹ́yìn. Má wo orúkọ C ńlá, má wo owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Offense (ọ̀nà ìkọlù) tí wọ́n lò ni kó o wò, iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù, àti iye àmì mẹ́ta tí wọ́n gbìyànjú. Bó bá jẹ́ Low Post tàbí Look Inside ló pọ̀ níbẹ̀, inú ni wọ́n ń lọ. Bó bá jẹ́ Motion tàbí Run and Gun, ìta ni. Base Offense, Patient àti Push the Ball kì í tẹ̀ sí apá kan, ibẹ̀ lo ti máa ka ìjù ẹnì kọ̀ọ̀kan kó o tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àmì mẹ́ta 27 kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ń lo Low Post. Lọ wò ó, kó o padà wá sọ fún wa.

Ohun kan ṣì kù: wo effort. Bí àwọn bá lo Crunch Time tí ìwọ lo Normal, gbogbo ìwọ̀n wọn ló ga díẹ̀, má wá di gbogbo ẹ̀bi lé 2-3 lórí. Enthusiasm (ìtara ẹgbẹ́) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti ń lo Take It Easy (ìsapá tó kéré jù) nínú eré mélòó kan ń kó enthusiasm jọ ni, wọ́n á sì ná an lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ borí lọ́ràn-anyàn.

MopaZone

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n IsanluPivot. Lójú tèmi, ìdáhùn ò le tó yẹn. 3-2 ni. Inside Defense 11 àti 9 pọ̀ ju ohun tó nílò fún C tó ń ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kó bù níbẹ̀, kó fi kún ìta. Èèyàn mẹ́ta á wà lókè, mítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmì mẹ́ta wọn á dínkù. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn gan-an ló ń tọ́ka sí 3-2.

Kìkì ohun tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni rebound. KabbaOwe, kí ni Rebounding C àti PF rẹ? Wọ́n gbọ́dọ̀ dá rù ú, torí SF rẹ á ti lọ sókè.

EgbeCoach

Okun gbogbo yín. Àbúrò mi KabbaOwe, kó o tó dá MopaZone lóhùn, jẹ́ kí n gbé Man to Man (ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ alátakò kan) kalẹ̀, torí kò sí ẹni tó tíì dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀.

Man to Man kì í bù lára ibì kankan. Ìwọ̀n tó o bá rí lẹ́yìn eré, ìwọ̀n àwọn ọmọ rẹ gan-an ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o kọ́kọ́ gbá a pẹ̀lú wọn, kó o mọ ibi tó ti ń jò, kó o tó mọ zone tó máa dí i. Ẹni tí kò tíì gbá Man to Man rí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tó ti ń yan zone, ògiri tí kò tíì fojú rí ló ń rẹ́.

Àǹfààní kejì tó ní ni ìpín. Lójú ewé tí a ti ń to ìlà, o lè sọ ẹni tó máa ṣọ́ ta. Bí o kò bá fọwọ́ kàn án, PG á ṣọ́ PG, SG á ṣọ́ SG, títí dé C. Ọ̀pọ̀ máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó o ṣe nìyí: kọ àwọn mẹ́ta wọn tó wà níta sílẹ̀, ẹni tó ń jù jù lọ kó wà lókè. Kọ àwọn mẹ́ta tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tí Outside Defense rẹ̀ ga jù kó wà lókè. Fa ìlà tààrà láàárín wọn. Bí SG wọn bá ń ju 22, PG rẹ tó ní 7 ló yẹ kó wà lára rẹ̀. SF rẹ tó ní 5 gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jù kéré jù, àmọ́ ṣọ́ra, kì í ṣe iye ìjù nìkan. Bí ẹni tó ń jù kéré yẹn bá jẹ́ PG tí Driving rẹ̀ ga, SF tó rọ̀ á ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un, á wọlé dé abẹ́ ríìmù, C rẹ á sì gba fáùlù tí kò yẹ kó gbà.

Fáùlù mẹ́fà ló ń yọ èèyàn kúrò. Bí C rẹ bá gba mẹ́ta kí ààbọ̀ eré tó pé, wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Inside Defense 11 tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ò dí ẹnikẹ́ni.

Zone ò fi bẹ́ẹ̀ fún ẹ ní irú ìpín yìí, torí àyè ni wọ́n ń ṣọ́. Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ Man to Man níbi tí ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wọn ti ń jù ju gbogbo yòókù lọ, tí ìwọ náà sì ní ẹnì kan tó lè dúró tì í.

KabbaOwe

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ wò ó. Nínú eré márùn-ún tí wọ́n gbá kẹ́yìn, Run and Gun ni wọ́n lò nínú mẹ́rin, Motion nínú ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n IsanluPivot, òótọ́ lẹ sọ, mi ò wo ibẹ̀ rárá tẹ́lẹ̀. Normal effort ni wọ́n lò sí wa, bíi tèmi.

Ìjù wọn nínú eré wa lọ báyìí: SG 22, SF 14, PG 11, C 9, PF 6, àwọn bẹ́ǹṣì 20. Àpapọ̀ 82. Wọ́n gba offensive rebound 15, C wọn nìkan gba 7 nínú rẹ̀. Rebounding C mi jẹ́ 8, ti PF jẹ́ 8.

Lórí bẹ́ǹṣì, mo ní PG kejì tí Outside Defense rẹ̀ jẹ́ 7, àmọ́ Jump Shot rẹ̀ kò dáa, 5 péré. Handling rẹ̀ dáa, 8.

IsanluPivot

Offensive rebound 15 yẹn ti dá ẹjọ́ 3-2. MopaZone, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó: 15 ni wọ́n gbà *nígbà tí KabbaOwe wà nínú 2-3*, ìyẹn zone tó ń fi kún Rebounding. Bó bá bọ́ sí 3-2, tó ń bù lára rẹ̀, mélòó ni wọ́n máa gbà? C yẹn ò nílò kí wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tí SG bá jù tí kò wọlé ló ń kó, ó sì ń dá a padà sínú àwọ̀n. Ìjù 9 rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ 7 tó gbà nílẹ̀ yẹn tún fún wọn ní àǹfààní méje láti jù lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọgbà iṣu bá ga níwájú tí ẹ̀yìn ṣí, ewúrẹ́ mọ ibi tó máa gbà wọlé.

MopaZone

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì rí 15 yẹn nígbà tí mo kọ tèmi. Pẹ̀lú Rebounding 8 àti 8, 3-2 á ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lo 3-2 sí ẹgbẹ́ Run and Gun, ó yẹ kí Rebounding C àti PF rẹ̀ yọ sókè ju ti àwọn yẹn lọ ní kedere, tàbí kí SF rẹ̀ náà lè gba rebound. KabbaOwe ò ní ìkankan nínú méjèèjì.

EgbeCoach

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ zone sílẹ̀ ná, ká wo àwọn èèyàn. Àbúrò, ìdáhùn ìbéèrè rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ.

Fi PG kejì tó ní 7 sí ipò SG. Sún SG rẹ tó ní 6 lọ sí SF. SF tó ní 5 á wá di ẹni tó ń rọ́pò. Ìta rẹ tó jẹ́ 7, 6, 5 di 7, 7, 6 láìjẹ́ pé o bù lára Inside Defense C àti PF rẹ. Man to Man ni kó o gbá a. PG rẹ àkọ́kọ́ lọ ṣọ́ SG wọn. PG kejì lọ ṣọ́ SF wọn tó ń ju 14. SG tó ti di SF lọ ṣọ́ PG wọn.

Ó ní ohun tó máa ná ẹ, ó sì yẹ kó o mọ̀ ọ́n kó o tó ṣe é. Àkọ́kọ́, SF tuntun yẹn lè má gba rebound tó ti àtijọ́. Wo Rebounding àwọn méjèèjì, bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju 3 lọ, ronú lẹ́ẹ̀kan sí i. Èkejì, Jump Shot 5 ní ipò SG á dín Outside Scoring tìrẹ kù. Nítorí náà, má lo offense tó ń tẹ̀ sí ìta lọ́jọ́ yẹn. C àti PF rẹ ni kó o gbá bọ́ọ̀lù lọ bá: bí Inside Shot wọn bá dáa, lo Low Post. Ó ń fa eré sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Run and Gun fẹ́ràn kí eré yára. Bí eré bá falẹ̀, ìgbà tí SG wọn máa rí bọ́ọ̀lù jù náà á dínkù.

Wàyí o, Full Court Press. Ẹni tó dábàá rẹ̀ fún ẹ ò wo alátakò. Press ń mú kí eré yára, ó ń fa turnover (kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹni), ó sì ń fa fáùlù àti àárẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ lo fẹ́ ran lọ́wọ́ láti sáré sí i yẹn. Press dára sí ẹgbẹ́ tí Handling àti Passing àwọn PG àti SG rẹ̀ kéré, tí ìwọ sì ní àwọn mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá tí Stamina wọn tó, tó o lè máa yí wọn sí ara wọn. Bí o kò bá ní bẹ́ǹṣì yẹn, nígbà tó bá fi máa di quarter kẹrin, àwọn tó dáa jù lọ́dọ̀ rẹ ti jókòó nítorí fáùlù, àwọn tó kù ò sì lè sáré mọ́.

Outside Box and One. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹnì kan lẹ̀ mọ́ gbajúgbajà wọn, mẹ́rin yòókù to àpótí. Mẹ́rin ló wá ń ṣọ́ gbogbo àyè tó kù. Ó yẹ nígbà tí ẹgbẹ́ bá gbára lé ẹnì kan, tí àwọn yòókù kàn ń sìn ín. Ìjù 22 nínú 82 ò tó ìdá mẹ́ta, ẹni kejì wọn sì tún ń ju 14. Bí o bá lẹ̀ mọ́ SG, SF á gba iṣẹ́ náà. Ní tèmi, mi ò ní dá a lábàá bí ìjù ẹnì kan ò bá ju ìdá mẹ́ta gbogbo ìjù ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

1-3-1 (ẹnì kan níwájú, mẹ́ta láàárín, ẹnì kan lẹ́yìn), má ṣe é pẹ̀lú àwọn tó o ní yìí. Ó nílò ẹni gígùn, tó yára, níwájú àti ní àárín. Ẹni kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn á máa sáré láti kọ́nà dé kọ́nà, páàsì tó bá fo orí lọ sí òdìkejì máa ń pa á.

KabbaOwe

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà náà hàn sí mi báyìí. Mo wo Rebounding wọn: SF àtijọ́ ní 6, SG tó máa di SF ní 4. Ìyàtọ̀ 2. Inside Shot C mi jẹ́ 10, PF 8.

Ìbéèrè méjì ló kù. Game Day Preparation ńkọ́, kí ni kí n fi síbẹ̀? Àti pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ètò tuntun yìí ṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí pé a borí tàbí a ò borí?

IsanluPivot

Game Day Preparation: ohun tó o rò pé wọ́n máa ṣe lo ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ìwọ fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣi èyí mú. Bó o bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ó ń ṣe ẹ́ láǹfààní. Bó o bá ṣì í, àwọn ló ń jèrè. Pẹ̀lú mẹ́rin nínú márùn-ún tó jẹ́ Run and Gun, Focus (ibi tí wọ́n máa ń kọlù): Outside, Pace (bí eré wọn ṣe yára tó): Fast. Focus dá mi lójú ju Pace lọ, torí Motion náà ń tẹ̀ sí ìta, èyí túmọ̀ sí pé márùn-ún nínú márùn-ún ni Outside. Pace ni wọ́n lè yí padà. Bí wọ́n bá gbá eré míì kó tó di ọjọ́ yẹn, tí wọn ò lo Run and Gun, fi Pace sílẹ̀ láìyàn, kó o fi Focus nìkan síbẹ̀.

Àwọn náà lè máa ka eré tìrẹ bó o ṣe ń ka tiwọn. Bí wọ́n bá rí i pé o ń lo Low Post ní gbogbo ìgbà, wọ́n á kọ Inside síbẹ̀, Slow ní Pace. Nítorí náà, bí o bá ní eré tí kò le ṣáájú, gbá a pẹ̀lú offense míì.

Bí wàá ṣe mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́: lo scrimmage (eré ìdánrawò), torí kò kan líìgì rẹ. Ohun kan ṣoṣo ni kó o máa yí padà nínú eré kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlà àtijọ́ pẹ̀lú Man to Man. Lẹ́yìn náà, ìlà tuntun pẹ̀lú Man to Man. Effort kan náà nínú méjèèjì. Kọ Outside Defense, Inside Defense àti Rebounding sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú low, medium tàbí high tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí láti average low dé average high kì í ṣe ohun kékeré. Bí o bá yí ìlà, zone àti effort padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí bí o ṣe máa mọ èyí tó ṣe é nínú wọn.

Má gbàgbé ìṣẹ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń gbá nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sí 70 lọ́sẹ̀ ni game shape rẹ̀ (bí ara rẹ̀ ṣe wà ní ìmúrasílẹ̀ fún eré) máa ń dúró dáadáa. PG àkọ́kọ́ rẹ tó máa ṣọ́ SG wọn, bó bá gba scrimmage àti líìgì méjèèjì tán pátápátá, game shape rẹ̀ á já, Outside Defense 7 tó o gbójú lé á sì wá máa ṣe bí 6. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, má fi í sí scrimmage ju ìdajì lọ.

MopaZone

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Lọ wo bí o ṣe to àwọn tó ń rọ́pò. Bí o bá fi SF àtijọ́ ṣe backup SF, ó dáa, àmọ́ bí PG àkọ́kọ́ bá jókòó sinmi, ta ló máa ṣọ́ SG wọn? Ìpín tí ẹ̀gbọ́n EgbeCoach sọ yẹn, *ipò* ló ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá wọlé sí ipò PG ló máa bá SG wọn. Bí backup PG rẹ bá ní Outside Defense 4, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó máa lò tó láti fi àmì 12 sọnù. Fi PG kejì ṣe starter SG àti backup PG lẹ́ẹ̀kan náà. Bí PG àkọ́kọ́ bá jáde, á bọ́ síbẹ̀, backup SG á sì wọlé sí ipò rẹ̀. Lórí ìwé, ìlà náà á wá rí báyìí:

PG: PG àkọ́kọ́, backup, PG kejì, ó ń ṣọ́ SG
SG: PG kejì, backup, SG kejì tó o bá ní, ó ń ṣọ́ SF
SF: SG àtijọ́, backup, SF àtijọ́, ó ń ṣọ́ PG
PF àti C: bó ṣe wà, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni ipò rẹ̀

To orders yìí sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ méjì ṣáájú, kó o tẹ save, kó o tún ṣí ojú ewé náà padà láti rí i pé ó wà níbẹ̀. Bí o bá dúró di ìgbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá gbé, 2-3 àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n máa gbá.

KabbaOwe

Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti to ìlà náà báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti fi Focus sí Outside. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ẹ má bínú: SF tó ní 5 yẹn, ọmọ ọdún 20 ni. Ṣé kí n tà á ni?

EgbeCoach

Má tà á kó o tó wo gíga rẹ̀ àti potential rẹ̀ (ibi tó lè dàgbà dé). Bí kò bá gùn jù, tí potential rẹ̀ sì ṣì ní àyè, ọmọ ọdún 20 ń kọ́ ẹ̀kọ́ kíákíá ju ọmọ ọdún 26 lọ. Pressure ni ẹ̀kọ́ tó ń gbé Outside Defense ga. Ẹni tí kò bá gbá tó ìṣẹ́jú 48 lọ́sẹ̀ ní ipò tó o yàn fún ẹ̀kọ́ náà kò ní gbà á pé. Nítorí náà, scrimmage tó o fẹ́ fi dán ìlà wò, àti eré líìgì tí kò le, fi í sí ipò PG níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ jẹ́ PG. Handling rẹ̀ lè má dáa, wàá rí turnover, bọ́ọ̀lù á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò kan ṣoṣo ni kó o yàn fún Pressure, torí bí o bá yan méjì, ẹ̀kọ́ á pín, á sì falẹ̀. Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó o tó tún wo nọ́ńbà rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó gùn gan-an, Pressure á falẹ̀ lára rẹ̀. Inside Defense àti Rebounding ló máa bá a mu nígbà náà, torí PF rẹ náà máa nílò arọ́pò.